Kí Ló Wà Nínú Rẹ̀ Tẹ́lẹ̀? Láti Dúrọ́ọ̀mù Kókò dé Pàǹtírí Olóró Inú Ilé Wa



Ní sáà tó kọjá, omi wọ́n gan-an nínú ilé tí àwa mẹ́ta jọ háyà lẹ́yìn ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. A dáwó jọ, a lọ ra dúrọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù kan lọ́jà. Ó tóbi, ó lágbára, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹni tó tà á fún wa ní kí a ṣáà fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, pé kò ní í ṣe nǹkan kan. A fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òórùn kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ kọ̀, kò lọ. Ibi tí a ti ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin ni Màmá onílé wa ti bá wa.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

A wo ojú ara wa. Kò sí ẹni tó bèèrè nínú wa.

"Ẹni tó tà á kò sọ fún wa, mà."

Màmá mirí. "Ẹ ò gbọ́ ìtàn Kókò rí ni? Mo ṣì jẹ́ ọmọge nígbà tí wọ́n ń kígbe rẹ̀ lórí rédíò. Ẹ má pọn omi sí nǹkan yẹn o."

A ò gbọ́ ọ rí lóòótọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ Yorùbá ni wá, a mọ ogun Kírìjì, a mọ ogun Jálumi, ṣùgbọ́n a kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1988, nígbà tí àwọn òbí wa ti dàgbà. Ìdí nìyẹn tí a fi lọ wádìí rẹ̀, ohun tí a rí sì ni a kó jọ síbí.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣì jẹ́ ilẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa wà. Kí ni Yorùbá ń pe ohun tí a gbá jọ láàárọ̀? Ilẹ̀ ni. A máa ń gbálẹ̀, a máa ń kólẹ̀, a sì máa ń lọ da ilẹ̀ nù. Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ àti ilẹ̀ tí a ń dà nù, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Èyí kò yani lẹ́nu. Ewé, èèpo iṣu, eérú, háhá àgbàdo àti ìyẹ́ adìẹ ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn baba ńlá wa ń gbá jọ. Tí wọ́n bá dà á sí ààtàn, òjò a rọ̀ sí i, adìẹ a tàn án, ọdún kan tàbí méjì lẹ́yìn náà yóò ti di ilẹ̀ padà. Ẹ̀fọ́ tó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn ló máa ń tutù yọ̀yọ̀ jù. Ààtàn kì í ṣe ibi ìparí nǹkan nígbà náà. Ibi tí nǹkan ti ń padà sílé ni.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kò sí oró nínú ilé àwọn àgbà. Ọlọ́dẹ ní oró ọfà, kì í sì í gbé e sí ìdáná. Aláró ní omi ẹ̀lú àti eérú tí kì í dà síbi tí ọmọdé ń ṣeré. Òjé, tí àwọn olórìṣà Ọbàtálá ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, jẹ́ irin tí a mọ̀ lónìí pé ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ bí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀. Tìróò tí ìyá ń lé sójú ọmọ, òkúta tí òjé wà nínú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lọ̀ fi ṣe é. Ní 2012, àjọ CDC ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ìròyìn kan jáde nípa ọmọ ọwọ́ kan ní ìlú Boston, ọmọ tí ìdílé rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, tí wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítorí tìróò tí wọ́n ń lé fún un. Nítorí náà, a kò ní í sọ pé ayé àtijọ́ kò ní àbùkù. Ohun tí a ń sọ ni pé oró ìgbà náà kéré, ẹni tó ní i sì mọ̀ ọ́n.

Wọlé-wọlé dé

Nígbà tí ìjọba amúnisìn gba Èkó tí ìlú sì kún, ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí di ọ̀rọ̀ òfin. Àwọn tí àwọn àgbà wa ń pè ní wọlé-wọlé dé. Wọn kì í kan ilẹ̀kùn pẹ́. Wọn a wọlé, wọn a yẹ inú àmù wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, wọn a yẹ ẹ̀yìnkùlé àti ilé ìgbẹ́ wò, ẹni tó bá ṣẹ̀ a fojú ba kóòtù. Lóru, àwọn agbépòó a rù ú káàkiri ìgboro, ẹni bá pàdé wọn a di imú mú, kò sì gbọ́dọ̀ bú wọn. Nígbà tí àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Dókítà Isaac Ladipo Oluwole, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di dókítà àgbà fún ìlera ìlú ní Èkó, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó náà kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ fo ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, ẹ dé ìgbà Buhari àti Idiagbon. Wọ́n gbógun ti ìwà àìkára-ẹni-lọ́wọ́-kò ní 1984, ìmọ́tótó àyíká sì di ọ̀kan lára rẹ̀. Àwọn òbí wa kò tíì gbàgbé Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jáde títí di aago mẹ́wàá àárọ̀, tí gbogbo ilé ń kó gọ́tà.

Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo èyí ṣe, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí wa, a ṣàkíyèsí ohun kan. Ohun tí wọlé-wọlé kọ́ wa ni pé ewu inú pàǹtírí máa ń rùn, ó máa ń fa eṣinṣin, ó máa ń bí ẹ̀fọn, eku a sì máa sá nínú rẹ̀. Ohun tí kò bá rùn, tí eku kò sì jẹ, a gbà pé ó mọ́. Bátìrì kì í rùn. Gílóòbù ọlọ́pàá gígùn tó ti kú a máa dán. Dúrọ́ọ̀mù tí a fi ọṣẹ fọ̀, ojú kò lè rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ̀gbin la kọ́ láti bẹ̀rù, a kò kọ́ láti bẹ̀rù oró. Bí Kókò ṣe bá wa lójijì nìyẹn.

Kókò, 1988

Kókò jẹ́ ìlú etí omi ní ilẹ̀ Ìṣẹ́kírì. Ìpínlẹ̀ Bendel ni ó wà nígbà náà, Ìpínlẹ̀ Delta ni lónìí. Kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì pátápátá sí wa: ẹni tó bá ti jókòó nínú kíláàsì ẹ̀ka-èdè yóò rántí pé inú agbo kan náà ni wọ́n ń to èdè Ìṣẹ́kírì àti Yorùbá sí. Ìlú yìí náà ni Nana Olomu, oníṣòwò ńlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá jà ní 1894 tí wọ́n sì lé kúrò nílùú, kọ́ ilé sí nígbà tó padà dé láti ìgbèkùn. Ìlú tó ti mọ ohun tí ọkọ̀ ojú omi òyìnbó lè gbé wá ni.

Láàárín 1987 sí 1988, oníṣòwò ará Ítálì kan ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé ẹrù wọ Kókò. Ìwé ẹrù náà kò sọ òtítọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan nílùú náà ní ààyè ilẹ̀ lẹ́bàá ilé rẹ̀, oníṣòwò yìí sì háyà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún dọ́là lóṣù, gẹ́gẹ́ bí ìròyìn ìgbà náà ṣe sọ. Owó tó dára ni lójú àgbẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú àgbàlá náà. Wọ́n tó nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, ohun tó wà nínú wọn sì ju 3,500 tọ́ọ̀nù lọ: pàǹtírí àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù, tí kẹ́míkà PCB tí wọ́n ń lò nínú tiransifọ́mà wà lára rẹ̀. Oòrùn ń pa wọ́n, òjò ń rọ̀ sí wọn, àwọn kan wú, àwọn kan ń jò.

Ibi tí ìtàn yìí ti wọ inú ilé nìyí. Ní ìlú tí omi ẹ̀rọ ti wọ́n, dúrọ́ọ̀mù dáadáa kì í ṣe nǹkan àfojúdi. Àwọn ará ìlú kan da ohun tó wà nínú díẹ̀ nínú àwọn dúrọ́ọ̀mù náà sílẹ̀, wọ́n gbé òfìfo rẹ̀ lọ sílé, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì ń pọn omi sí i. Ohun tí wọ́n ṣe kò yàtọ̀ rárá sí ohun tí àwa mẹ́ta ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé ní nǹkan bíi ogójì ọdún lẹ́yìn wọn.

Àwọn kan yóò pa òwe pé àìmọ̀kan ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. A kò rò pé òwe yìí bá ọ̀rọ̀ Kókò mu. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ mìíràn bo nǹkan lójú rẹ̀ kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ẹni tí wọ́n tàn jẹ ni.

Lẹ́tà àwọn akẹ́kọ̀ọ́

Ta ló tú àṣírí náà? Kì í ṣe aṣọ́bodè, kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ èbúté. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n rí i nínú ìwé ìròyìn ibẹ̀ pé wọ́n ń kó pàǹtírí olóró ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè wọn. Wọn kò sọ pé kí ló kàn wọ́n. Wọ́n kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn ìwé ìròyìn nílé. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 1988, ọ̀rọ̀ náà ti gba gbogbo ìwé ìròyìn Nàìjíríà kan.

Ìjọba ológun Ibrahim Babangida bínú gidi. Wọ́n pe aṣojú Nàìjíríà ní Ítálì wálé, wọ́n gbá ọkọ̀ ojú omi ará Ítálì kan mú sí èbúté wa, wọ́n sì ní kí Ítálì wá kó ẹrù rẹ̀. Ítálì gbà nígbẹ̀yìn. Wọ́n gbà àwọn òṣìṣẹ́ láti di àwọn dúrọ́ọ̀mù náà kí wọ́n sì kó wọn sínú ọkọ̀. Aṣọ ìdáàbòbò àti ìbomú kò kárí wọn. Àwọn kan nínú wọn dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú egbò kẹ́míkà àti èébì.

Ọkọ̀ méjì tó kó ẹrù náà, Karin B àti Deep Sea Carrier, kúrò ní Kókò. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Karin B. Ó dé Sípéènì, wọ́n ní kó máa lọ. Faransé kọ̀ ọ́, Jámánì kọ̀ ọ́, Netherlands kọ̀ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì náà kọ̀ ọ́. Ẹrù tí wọ́n rí àyè fún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àgbẹ̀ kan ní Kókò, gbogbo èbúté tó lókìkí ní Yúróòpù ló tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ítálì fúnra rẹ̀ ló padà gbà á. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ní ọdún yẹn, ẹni tó ṣu kò rí àyè gbàgbé.

Òfin dé, dúrọ́ọ̀mù kò lọ

Kí ọdún 1988 tó parí, ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin kejìlélógójì ọdún náà: ẹnikẹ́ni tó bá kó pàǹtírí olóró wọlé yóò lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Nínú oṣù Kejìlá, wọ́n dá àjọ FEPA sílẹ̀ láti máa bójú tó àyíká, èyí tí NESREA rọ́pò ní 2007. Ní òkè òkun náà, àdéhùn Basel wáyé ní oṣù kẹta 1989 láti dí ọ̀nà mọ́ irú òwò bẹ́ẹ̀. Lójú àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, àdéhùn yẹn kò le tó, wọ́n sì pàdé ní Bamako ní 1991 láti ṣe tiwọn, èyí tó ní kí ẹnikẹ́ni má kó o wọ Áfíríkà rárá.

Ṣùgbọ́n oró mọ ọ̀nà mìíràn gbà. Kò wá nínú dúrọ́ọ̀mù mọ́. Ó wá nínú kóńtéénà, ó ń jẹ́ tòkúnbọ̀. Ní 2005, àjọ Basel Action Network gbé ìròyìn kan jáde lórí Èkó. Wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bíi 500 kóńtéénà kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọ Èkó lóṣooṣù, àti pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò ṣeé lò, tí kò sì ṣeé tún ṣe. Àwọn tó bá kú a dé ààtàn, wọn a dáná sun wáyà láti yọ bàbà, wọn a fọ́ gíláàsì tẹlifíṣọ̀n tí òjé wà nínú rẹ̀. Ní 2011, NESREA ṣe òfin tiwọn lórí ẹ̀rọ àlòkù, tó sọ pé ẹni tó ń ṣe é tàbí tó ń kó o wọlé gbọ́dọ̀ gba òkú rẹ̀ padà. Òfin tó dára ni lórí ìwé. Àmọ́ mélòó nínú wa ló mọ ibi tí a ti lè lọ dá òkú fóònù padà?

Ọdún tó ṣáájú òfin yẹn ni ìpínlẹ̀ Zamfara fi hàn wá bí òjé ṣe ń wọ inú ilé. Wọ́n ń gbé òkúta tó ní góòlù wá sínú àgbàlá, wọ́n ń lọ̀ ọ́, àwọn kan ń fi ẹ̀rọ ìlọta lọ̀ ọ́. Òjé pọ̀ nínú òkúta náà, eruku rẹ̀ sì bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń rá lé lórí. Ó ju 400 ọmọdé lọ tó kú. Oró tó pa àwọn ọmọ yẹn, òjé ni. Òjé kan náà ló wà nínú bátìrì mọ́tò àti bátìrì ìnfátà tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ọ̀pọ̀ ilé wa.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé Èkó, ẹ óò rántí iná Olúṣòsùn ní oṣù kẹta 2018. Ààtàn ńlá tó wà ní Ọ̀jọ́ta yẹn jó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, èéfín rẹ̀ sì dí ojú ọ̀nà. Ohun tó ń jó níbẹ̀ kì í ṣe èèpo iṣu nìkan. Gbogbo ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan dà sínú báàgì dúdú kan náà ló para pọ̀ di èéfín tí ọmọ ọlọ́mọ fà sí àyà.

Ohun tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa

Lẹ́yìn tí a ka gbogbo èyí, a padà sínú yàrá wa, a sì ṣe bíi wọlé-wọlé. Ẹ wo ohun tí a rí: bátìrì tọ́ọ̀ṣì mọ́kànlá nínú páànù mílíìkì, páwà báńkì méjì tó ti wú, gílóòbù gígùn kan tó ti kú, oògùn ibà tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ìgò apakòkòrò tó kù díẹ̀, àti kẹrosíìnì nínú ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló bà wá lẹ́rù jù, nítorí àbúrò ẹnì kan nínú wa, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti wá lo ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ wa nígbà ìsinmi. Ìgò yẹn wà nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi wà níbẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá.

Nítorí náà, ohun tí Kókò kọ́ wa, tí a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe, nìyí.

Àkọ́kọ́, a kì í da oró mọ́ ilẹ̀ mọ́. Ike kan tó ní ìdérí, tí a kọ "OLÓRÓ" sí lára, wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Ibẹ̀ ni bátìrì àti òkú fóònù ń lọ. Páwà báńkì tó ti wú kò sí lára wọn. Òun dá wà lórí síméńtì níta, nítorí ó lè gbiná nígbàkígbà.

Èkejì, ohun olóró kì í kúrò nínú ìgò tó bá wá. A kì í yí apakòkòrò tàbí kẹrosíìnì sínú ìgò ohun mímu, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi òfìfo ìgò wọn gbé epo pupa tàbí omi, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré apakòkòrò dichlorvos nítorí àwọn tó ń kú nípasẹ̀ rẹ̀. Òfin lè dí ṣọ́ọ̀bù. Ìwà wa ló máa dí ilé.

Ẹ̀kẹta, a kì í dáná sun bátìrì, a kì í sì í fọ́ gílóòbù gígùn. Mákíúrì wà nínú rẹ̀. Tó bá fọ́ ṣèèṣì, ẹ ṣí fèrèsé, kí gbogbo ènìyàn jáde fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi páálí kó o. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kó o, ẹ má sì fi ìgbálẹ̀ gbá a.

Ẹ̀kẹrin, bátìrì ìnfátà gbọ́dọ̀ lọ lódindi. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ da omi inú rẹ̀ sí gọ́tà kí ó tó rà á, ẹ má dá a lóhùn. Omi yẹn, ásíìdì ni, òjé sì wà nínú rẹ̀.

Dúrọ́ọ̀mù wa

Ẹ óò fẹ́ mọ ibi tí dúrọ́ọ̀mù búlúù wa wà. Màmá onílé ní kí a lu ihò sí ìdí rẹ̀ níbi mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni tó bá rí i lẹ́yìn wa má lè pọn omi sí i. A lù ú. Lẹ́yìn náà la wá ń wá ibi tí a máa gbé e lọ. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ akólẹ̀ ní kí a ṣáà jù ú sẹ́yìn ọkọ̀, pé ààtàn kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. A kò jù ú. Ó ṣì dojú dé ní ẹ̀yìnkùlé títí di òní, ike "OLÓRÓ" wa sì ti fẹ́ẹ̀ kún.

Ibi tí ìtàn náà kù sí nìyẹn. Ní 1988, ìlú tó ń wá ibi tí yóò gbé dúrọ́ọ̀mù sí rí ibì kan dá a padà sí, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kò dákẹ́. Ìwọ̀nba ohun tí àwa náà lè ṣe kò tó tiwọn, ṣùgbọ́n a ti kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa pé kí wọ́n bá àwọn aláṣẹ sọ ọ́: kí àpótí kan wà ní ẹnu ọ̀nà hósítẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan fún bátìrì, gílóòbù àti òkú fóònù, kí ẹni tó ní ìwé àṣẹ sì máa wá kó o ní ìparí sáà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọgbà mìíràn, ẹ kọ tiyín. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ bá wa fọwọ́ sí i.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ òní tó mọ́, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Ohunkóhun tí ẹ bá sì fẹ́ pọn omi sí, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè Màmá: kí ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀?